Ọjọ́ tí a máa yọ sáfà ni kí a rò lọ́jọ́ tí a bá ń gbé e wọ ráàkì

Bí mo bá dé yàrá sáfà ẹnikẹ́ni, ìyẹn yàrá àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú dátà fún àwọn yòókù, ẹ̀yìn ráàkì, férémù irin gíga tí a ń to wọ́n sí, ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ. Iwájú máa ń rẹwà níbi gbogbo: iná kéékèèké aláwọ̀ ewé ń tàn, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ hàn gbangba, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dán. Ẹ̀yìn ni wọn kì í retí kí àlejò dé. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá ẹni tó kó àwọn ẹ̀rọ náà wọlé ro ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn máa bàjẹ́, tàbí ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ tàn án nìkan ló ń rò.

Iṣẹ́ mi nìyí: kí n gbé sáfà, swíìṣì àti ráútà tó ń so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn àti mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, àti bátìrì UPS tó ń gbà wọ́n bí iná bá lọ, wọ ráàkì, ní ọ́fíìsì àwọn ilé iṣẹ́ àti ní àwọn dátà sẹ́ńtà, ilé tí wọ́n ń kó sáfà jọ sí, tó wà káàkiri Èkó. Bí mo ṣe ń pẹ́ sí i nídìí rẹ̀ ni ohun kan ń dá mi lójú sí i. Ẹ̀rọ tí a bá ń gbé wọlé, bí a ó ṣe fà á jáde ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wà níbẹ̀ títí láé. Díìsìkì á kú, fáànù á kú, power supply tó ń fún un níná á jó, oníbàárà á sì ra èyí tó lágbára jù ú lọ. Ẹni tó máa wá yọ ọ́ lè dé ní aago méjì òru, kó má mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, kí wọ́n sì máa pè é lórí fóònù pé àwọn èèyàn kò rí owó gbà mọ́. Ohun tí a bá pinnu lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ara wa balẹ̀, ló máa sọ bóyá iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun máa ṣe tàbí ilẹ̀ máa mọ́ bá a níbẹ̀.

Ráàkì dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ, mo sì fẹ́ràn ìtàn rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1914, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára lórí wáyà ọ̀nà jíjìn, orí pẹpẹ àti inú àpótí onígi ni wọ́n ń kó wọn sí, bí àyè bá ṣe gbà. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1922, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T fi ìwọ̀n kan lélẹ̀: iwájú ẹ̀rọ á fẹ̀ ní íǹṣì 19, gíga rẹ̀ á sì jẹ́ íǹṣì 1.75, tàbí ìlọ́po rẹ̀. Ìwọ̀n yẹn náà la ṣì ń lò. Íǹṣì 1.75 yẹn là ń pè ní 1U, ìyẹn mílímítà 44.45. Ráàkì tó wọ́pọ̀ jù ga tó 42U. Torí ẹ ni sáfà tí wọ́n ṣe ní Taiwan àti swíìṣì tó wá láti Ṣáínà fi lè jọ wọ ráàkì kan náà ní Ìkẹjà láìsí pé a pe wẹ́dà.

Ṣùgbọ́n ihò ara òpó ráàkì máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ihò mẹ́ta ló wà nínú U kọ̀ọ̀kan, àlàfo àárín wọn kò sì dọ́gba. Láti ihò àkọ́kọ́ sí èkejì jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íǹṣì, láti èkejì sí ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ láti ẹ̀kẹta sí ihò àkọ́kọ́ ti U tó tẹ̀ lé e, ìdajì íǹṣì péré ni. Ẹ wo òpó náà dáadáa: ibi tí ihò méjì ti sún mọ́ra jù, àárín wọn ni ààlà U méjì wà. Ẹni tó ń kánjú á ka ihò láti ibi tó bá ṣáà wù ú, á gbé sáfà sórí ààlà, sáfà 1U á wá jẹ nínú àyè U méjì. Gbogbo ohun tó bá wà lókè rẹ̀ á tẹ̀ lé àṣìṣe yẹn. Ẹ máa rí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ẹ̀rọ méjì, tí ohunkóhun kò lè wọ̀, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà kọjá bó ṣe wù ú. Òpó ẹ̀yìn náà ńkọ́? Nọ́ńbà tí a bá lò níwájú ni kí a lò lẹ́yìn. Bí réèlì, irin gbọọrọ tí sáfà ń gbà yọ̀ wọlé jáde, bá fi ihò kan ṣoṣo ga lẹ́yìn ju iwájú lọ, sáfà á wọlé lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú títì díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fà á jáde ló máa há.

Kí ẹ tún mú cage nut kan sọ́wọ́, èyí tí skúrúù tó ń di ẹ̀rọ mú ń wọ̀. Irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n ká a mọ́ nọ́ọ̀tì M6 (oní mílímítà 6), etí méjì sì yọ lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Inú òpó la ti ń fi í sí ihò onígun mẹ́rin: etí kan á kọ́kọ́ wọlé, a ó wá tẹ èkejì títí á fi dún kẹ́. Irin yẹn mú bí abẹ. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un kò ju irin kékeré kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu lọ, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ sikirudíráfà ni ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ fi ń tì í, tó bá sì yọ̀, àtàǹpàkò ló ń gbọgbẹ́. Mo kórìíra kí n máa rí ẹ̀jẹ̀ lára ráàkì tuntun.

Ọmọṣẹ́ kan tí à ń bá ṣiṣẹ́ pọ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, skúrúù M6 ti tán o, àmọ́ èyí tó wà lára ráàkì àtijọ́ yẹn jọ ọ́. Ṣé kí n lò ó?"

Mo ní, "Má lò ó, àbúrò. 12-24 nìyẹn, kì í ṣe M6."

Ìwọ̀n skúrúù onííǹṣì ti Amẹ́ríkà ni 12-24. Bí èèyàn bá fi ojú lásán wò wọ́n, wọ́n jọra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀kan sínú nọ́ọ̀tì èkejì, ó lè wọlé ní yíyí kan tàbí méjì kó wá há, tàbí kó máa yí lásán láìdi nǹkan mú. Èyí tó há yẹn, ẹ̀rọ ìlu-irin la máa fi yọ ọ́, kí eruku irin sì máa dà sórí sáfà tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Nídìí ráàkì, èmi kò gbà á. Kí á dá iṣẹ́ dúró, kí ẹnì kan gun ọ̀kadà lọ ra M6 wá ní Computer Village.

Ní ti ẹrù wíwúwo, kò sí àríyànjiyàn: UPS àti bátìrì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà sáfà tó kún fún díìsìkì, kí àwọn tó fúyẹ́ wà lókè. Sáfà 2U lè wúwo tó kílò 30, ènìyàn méjì ni kó gbé e, kì í ṣe ọ̀kan tó lágbára. Kí a sì ti fi bóòtù kan ráàkì mọ́lẹ̀ tàbí kí a so ó mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a tó fa ohunkóhun jáde lórí réèlì, torí kílò 30 tó nà síta níwájú lè fa odidi ráàkì wó luni. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kó máa wà níta nígbà kan.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe réèlì tó ń yọ̀ jáde ni pé kí a lè ṣí orí sáfà, kí a pààrọ̀ fáànù rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, láìyọ wáyà kankan. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nínú gbogbo ráàkì tí ẹ mọ̀, mélòó ni ẹ lè fà sáfà rẹ̀ jáde báyìí láìjẹ́ pé okùn kan fà ya lẹ́yìn? Wọ́n ra réèlì olówó ńlá, wọ́n wá fi okùn tó kúrú so sáfà mọ́ ògiri. Bí okùn bá sì gùn jù, wàhálà mìíràn nìyẹn, torí á di òkìtì lẹ́yìn sáfà níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti fẹ́ jáde. Apá irin tó ń ká, tí wọ́n ń pè ní cable management arm, wà fún èyí, àmọ́ èmi kì í lò ó fún gbogbo sáfà. Ó máa ń dí ojú afẹ́fẹ́. Sáfà tí a mọ̀ pé a ó máa ṣí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ni mo ń fi í sí. Àwọn yòókù, mo ń fi okùn wọn sílẹ̀ ní gígùn tó máa jẹ́ kí sáfà dé òpin réèlì, mo sì ń ká ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ òpó.

Cable tie oníke tí wọ́n fi ń di okùn pọ̀ ni ọ̀tá mi. Ẹni tó ń lò ó máa ń fà á títí á fi le, wáyà kéékèèké mẹ́jọ tó lọ́ mọ́ra ní méjì-méjì nínú okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat6 á wá fún pọ̀, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe lọ́ mọ́ra yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí okùn náà gbé dátà lọ bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí okùn kan bá bàjẹ́ nínú ogún tí wọ́n dì pọ̀, ọ̀bẹ ni wọ́n máa fi gé tie náà, mo sì ti rí ibi tí ọ̀bẹ ti gé okùn tí kò ṣẹ̀ mọ́ ọn. Velcro, okùn aláṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ni kí a lò, kí ó dì í mú láìfún un. Kí a má sì ṣe ká Cat6 ní ìká tó fún ju ìlọ́po mẹ́rin ìbú rẹ̀ lọ. Fáíbà, okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà, gba ìká tó tún gbòòrò ju ìyẹn lọ, torí gíláàsì ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ewu tí kò hàn sójú. Sáfà tó dára máa ń ní power supply méjì. Ọ̀kan á lọ sí PDU A (PDU ni sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn tó ń pín iná inú ráàkì), èkejì sí PDU B, A àti B á sì wá láti UPS ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí mo ti rí méjèèjì lára PDU kan ṣoṣo kò kéré, nítorí pé ihò tó wà lára rẹ̀ ló sún mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń so ó. Owó power supply kejì yẹn ti wọ gbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n kódà ẹni tó so ó dáadáa lè má ṣe ìṣirò. Ká ní bréékà PDU kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16A. Gbogbo sáfà inú ráàkì ń jẹ 18A: 9A lórí A, 9A lórí B. Mítà méjèèjì fi hàn pé ó ku àyè púpọ̀, ọ̀gá wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ní ká fi sáfà méjì kún un. Lọ́jọ́ tí UPS A bá kú, gbogbo 18A, pẹ̀lú ti sáfà méjì tuntun yẹn, ló máa dà sórí B. Bréékà 16A kò lè gbé e pẹ́, bó pẹ́ bó yá á já, odidi ráàkì á kú. Wọ́n á ní NEPA ló fà á, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni. Àpapọ̀ A àti B ni kí a máa kà, kí ó má sì kọjá ohun tí ọ̀kan ṣoṣo lè gbé. Mo máa ń fi í mọ sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 12.8A fún bréékà 16A.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì náà, èyí tó ń darí iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ẹ má fojú di í. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ráàkì kì í jẹ́ kí iná gba ara irin kọjá. Bí a bá kàn fi bóòtù dì wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ọ̀dà, ojú ló ń tàn wá jẹ. Kí a ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, tàbí kí a lo wáṣà eléyín tó máa jẹ ẹ́ wọnú irin. Àwọn tó wà ní Èkó lákòókò òjò, tí àrá ń sán, mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́.

Ooru ńkọ́? Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iná tí sáfà bá jẹ ló ń di ooru. Ráàkì tó ń jẹ kílówáàtì 4, ooru kílówáàtì 4 ló ń tú sínú yàrá. Ẹ̀rọ amúlétutù 1.5HP tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń rà kò lè kó ju nǹkan bí 3.5 lọ, ìyẹn bó bá ṣì jẹ́ tuntun tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Àjọ ASHRAE, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ iwájú sáfà wà láàárín dígírì 18 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius. Iwájú sáfà ni wọ́n sọ o, kì í ṣe àárín yàrá. Yàrá lè tutù títí èèyàn á fi wọ súwẹ́tà, kí sáfà tó wà lókè ráàkì sì máa jó. Ohun tó ń fà á ni U tó ṣófo tí wọn kò fi nǹkan dí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó jáde lẹ́yìn á gba ibẹ̀ padà síwájú, sáfà á tún fà á sínú, bí ẹni tó fi aṣọ borí sùn tó ń mí èémí ara rẹ̀. Blanking panel, ike pẹlẹbẹ lásán tí a ń fi dí àlàfo náà, ni oògùn rẹ̀, òun sì ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ fà igi lé nínú ìwé owó. Mi ò kì í gbà kí wọ́n yọ ọ́. Swíìṣì náà gba ìṣọ́ra: òmíràn ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tí ihò okùn wà, òmíràn ń tú u jáde níbẹ̀. Bí a bá ra èyí tí kò bá ìtò yàrá mu, ooru tó ń jáde lẹ́yìn àwọn sáfà ni swíìṣì yẹn á máa fà sínú títí ayé rẹ̀.

Lákòókò ọyẹ́, eruku ni ìyọnu wa, àti ara èèyàn tó ń ta iná pẹ́ẹ́ bó bá fọwọ́ kan irin. Kí a wọ okùn ọwọ́ tó so mọ́ ẹ́ẹ̀tì kí a tó ṣí sáfà. Lákòókò òjò, ìṣòro máa ń wá nígbà tí a bá ń kó ẹ̀rọ jáde. Sáfà tó ti tutù nínú dátà sẹ́ńtà, tí a gbé bọ́ sínú ooru Èkó láti gbé e lọ síbòmíràn, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sí i lára, títí dé inú. Inú yàrá tútù yẹn ni kí a ti fi ọ̀rá wé e, kí a má sì tú u, kí a má tàn án, títí ara rẹ̀ á fi bá ti ibi tuntun náà dọ́gba.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì àti ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà fara gbá a gidi. Equiano, okùn abẹ́ òkun mìíràn tó dé Èkó ní ọdún 2022, kò sí lára àwọn tó bàjẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ní ọ̀nà gba ibẹ̀ lè sá lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rí ohun tí lébẹ̀ẹ̀lì ń ṣe. Ibì kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ka ohun tí a kọ sí orí okùn, ó yọ ọ̀kan, ó fi í sí ráútà kejì, wọ́n padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí tíì rẹ̀ tó tutù. Níbòmíràn, tí èmi kò ní dárúkọ, àwọn mẹ́ta ló dúró lẹ́yìn ráàkì, ọ̀kan ń mi okùn níbí, èkejì ń wo èyí tó mì lọ́hùn-ún, ẹ̀kẹta ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má yọ ti ATM. Ẹ̀rọ tó wà ní ibi méjèèjì kò yàtọ̀ síra rárá.

Orí méjèèjì okùn ni lébẹ̀ẹ̀lì ń wà. Ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ ni kí a kọ sí i: ráàkì wo, U kelòó, ihò kelòó. Kì í ṣe "sáfà tuntun", torí ọdún méjì sí i ó ti di àtijọ́. Kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń lò ó, torí ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Kánádà. Bébà tí a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ kò ní tó oṣù mẹ́ta kí ooru ẹ̀yìn ráàkì tó bó o dànù, nítorí náà kí a fi ẹ̀rọ lébẹ̀ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́.

Kí n tó buwọ́ lùwé pé iṣẹ́ parí, mo máa ń ní kí a pa iná PDU A. A ó dúró, a ó wo gbogbo sáfà, a ó wo mítà B. A ó dá A padà, a ó pa B. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fa sáfà kan jáde bó ṣe ń ṣiṣẹ́, títí dé òpin réèlì rẹ̀, mo sì máa ń ní kí oníbàárà fúnra rẹ̀ tì í padà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ ẹ. Wọ́n á ní, "Ẹńjínníà, ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́." Mo máa ń fi sùúrù dá wọn lóhùn pé bó bá máa kú, kó kú lónìí, tí gbogbo wa wà níbí, tí irinṣẹ́ wà nílẹ̀, tí owó ẹnikẹ́ni kò sì tíì sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, èmi náà kì í buwọ́ lu ìwé.

Skúrúù àti cage nut tó ṣẹ́kù, irinṣẹ́ rẹ̀, àti àwòrán tó fi U kọ̀ọ̀kan hàn, inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ráàkì la máa ń so wọ́n mọ́. A kì í kó wọn sí ọ́fíìsì ọ̀gá, torí ẹni tó máa wá lóru kò ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.